Ilé-ìwé, ìdí iṣẹ́, tẹlifóònù: ṣé iṣẹ́ ìwádìí kan ni àbí mẹ́ta?

Olùkọ́ kan kọ̀wé sí mi láti Kétu, ní orílẹ̀-èdè wa Benin. Másítà tó gbà nínú ìmọ̀ ẹ̀kọ́ dá lórí àwọn ọmọ tó ń fi ilé-ìwé sílẹ̀ láìparí. Lẹ́yìn ìyẹn ló bá ẹgbẹ́ aláàánú kan ṣiṣẹ́ láàárín àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ télọ̀ àti mẹkáníìkì. Ní báyìí, ó fẹ́ kọ ìwé dókítà, ohun tó sì wù ú láti kọ lé lórí ni òfin àti ètò ìjọba nípa tẹlifóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀jọ̀gbọ́n tí ó fẹ́ kó tọ́ òun sọ́nà ka ìwé rẹ̀ tán, ó ní: "Ẹ ń fọ́n ara yín ká. Tí ẹ bá parí, kí la ó máa pè yín?" Ìbéèrè tó wá bi mí nìyí: ṣé ènìyàn lè fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe ìwádìí lórí ẹ̀kọ́, iṣẹ́ àti ètò tẹlifóònù, kí àwọn onímọ̀ sì kà á kún ara wọn, àbí kí òun di ọ̀kan mú kí òun sọ méjì nù?

Olùkọ́, mo kí yín, ẹ kú iṣẹ́ àwọn ọmọ. Ó ṣeé ṣe. Ọ̀nà yẹn lèmi náà gbà: ilé-ìwé ni mo ti bẹ̀rẹ̀, mo ti ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn mẹkáníìkì Wándó níhìn-ín ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), tẹlifóònù ló gbẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ti oko kan bọ́ sí òmíràn láìkórè, ebi ni yóò fi sùn, ohun tí ọ̀jọ̀gbọ́n yín ń bẹ̀rù fún yín nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tó ti rí ọ̀rọ̀ sọ ná.

Kì í ṣe ọ̀tá yín. Fáìlì yín lọ́jọ́ iwájú ló ń wò. Ní orílẹ̀-èdè wa, kì í ṣe yunifásítì nìkan ló ń gbé olùkọ́ yunifásítì ga. CAMES, àjọ tí àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó ń sọ Faransé dá sílẹ̀ ní 1968, tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Ouagadougou, ló ń yẹ iṣẹ́ ènìyàn wò kó tó di Maître-Assistant, kó tó di Maître de Conférences, kó tó wá di Professeur Titulaire, ìyẹn ọ̀jọ̀gbọ́n kíkún. Ìgbìmọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní ẹ̀ka ìmọ̀ tirẹ̀. Ẹni tí fáìlì yín bá bọ́ sí lọ́wọ́ lè má mọ̀ yín rí, ó lè má mọ ọ̀nà Kétu. Àkọlé àwọn àpilẹ̀kọ yín ni yóò kọ́kọ́ rí. Bí ọ̀kan bá ń sọ ti ilé-ìwé, tí èkejì ń sọ ti télọ̀, tí ẹ̀kẹta ń sọ ti owó orí lórí dátà, tí kò sì sí okùn tó so wọ́n pọ̀, ìbéèrè ọ̀jọ̀gbọ́n yín ni òun náà yóò bi fáìlì yẹn, ẹ kò sì ní sí níbẹ̀ láti dá a lóhùn.

Nítorí náà, orúkọ tí wọ́n máa pè yín ti gbọ́dọ̀ dá yín lójú kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀: olùwádìí nínú ìmọ̀ ẹ̀kọ́. Ibẹ̀ ni másítà yín wà, ibẹ̀ ni kí ẹ forúkọ sílẹ̀ sí. Ẹ má lọ sí ẹ̀ka òfin tàbí ti ọrọ̀-ajé nítorí pé tẹlifóònù wà nínú àkọlé yín. Àwọn ẹ̀ka méjèèjì yẹn ní ìdánwò agrégation tiwọn, ìdánwò ìdíje tí wọ́n fi ń gòkè, ọ̀nà wọn yàtọ̀ sí tiyín pátápátá, ẹ ó sì máa bẹ̀rẹ̀ láti òdo pẹ̀lú àwọn ọmọ tó kàwé òfin láti ọdún kìíní.

Ibi tí èmi ti yà kúrò lẹ́yìn ọ̀jọ̀gbọ́n yín nìyí. Lójú tirẹ̀, ohun tí ènìyàn ń kọ nípa rẹ̀ ló ń so iṣẹ́ ìwádìí pọ̀. Lójú tèmi, ìbéèrè tí ènìyàn ń bi ayé ló ń so ó, pẹ̀lú ọ̀nà tó fi ń wá ìdáhùn. Bí ìbéèrè bá dúró, tí ọ̀nà ìwádìí náà sì dúró, ohun tí ẹ ń wò lè yí padà ní ẹ̀ẹ̀mẹta láìsí ìfọ́nká kankan.

Àwa ará ìhín ló yẹ kó mọ̀ jù lọ pé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè pàdé lára ẹnì kan. Albert Tévoédjrè, ọmọ bíbí Àjàṣẹ́ tí wọ́n bí ní 1929, ti ṣe olùkọ́ rí. Nígbà tí òmìnira dé ní 1960, ọ̀rọ̀ ìròyìn ni wọ́n fi sí i lọ́wọ́ nínú ìjọba Dahomey, bí a ṣe ń pe Benin nígbà náà. Lẹ́yìn náà ló lọ sí ILO ní Geneva, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àti òṣìṣẹ́, ó gòkè níbẹ̀ títí ó fi di ọ̀kan nínú àwọn igbákejì olùdarí àgbà, ó sì darí ilé ìwádìí àjọ náà. Nígbà tó padà wálé, Àjàṣẹ́ náà ló dá ilé ìwádìí tirẹ̀ sílẹ̀ sí. Paulin Hountondji, ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ ọgbọ́n orí tó fi wá sílẹ̀ ní 2024, ṣe mínísítà ètò ẹ̀kọ́ láti 1990, ó sì ṣe mínísítà àṣà àti ìbánisọ̀rọ̀ láti 1991 dé 1993. Òun náà darí ibùdó ìwádìí gíga kan ní Àjàṣẹ́.

Mo dárúkọ wọn kí ẹ lè rí i pé ilẹ̀ yìí kò ṣàjèjì sí irú ènìyàn bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má fi wọ́n ṣe àwòkọ́ṣe fún fáìlì CAMES. Ipò ni wọ́n fi lọ láti ibì kan dé ibì kejì. Mínísítà lè sùn sí ilé-iṣẹ́ ìjọba kan kó jí sí òmíràn. Olùwádìí kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, torí ìmọ̀ ibi tuntun kì í bá ìwé ìyannisípò wá.

Kí wá ni ìbéèrè tó lè so tiyín pọ̀? Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní Kétu, ojoojúmọ́ lẹ ń kọjá níwájú Àkàbà Ìdẹ́nà. Ẹnu ibodè ló jẹ́: ẹnì kan ń wọlé, ẹnì kan dúró síta, ẹnì kan ló sì mọ ìgbà tí wọ́n máa ń tì í. Ilé-ìwé ní ẹnu ibodè, iṣẹ́ ọwọ́ ní, nẹ́tíwọ̀kì náà ní. Ta ló ń wọlé, ta ló kù síta, ta ló kọ òfin ibẹ̀, èló ni wọ́n ń gbà lẹ́nu ọ̀nà? Ẹ ti ń bi ìbéèrè yẹn láti ìgbà másítà yín, bóyá ẹ kò kàn kíyè sí i ni.

Ẹ wò ó láti ìdí. Ní 2006, ìjọba fagi lé owó ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ wọlé, àwọn kan sì tún jáde kí wọ́n tó dé kíláàsì ìkẹyìn; àwọn yẹn ni ìwé másítà yín. Níbo ni wọ́n jáde lọ? Púpọ̀ nínú wọn ń bẹ lẹ́yìn ọ̀gá télọ̀. Láti 2005 ni ìjọba ti mú ìwé ẹ̀rí méjì jáde fún àwọn ọmọ iṣẹ́, CQP àti CQM. CQP ń pa ìdí iṣẹ́ àti iyàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ pọ̀, ó sì fẹ́ kí ọmọ ti lọ jìnnà díẹ̀ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. CQM ló wà fún ọmọ tí ìdí iṣẹ́ nìkan ti kọ́. Ẹ ò rí i bí òfin kan ní ìdí iṣẹ́ ṣe tún padà wá ṣèdájọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ilé-ìwé lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn? Ọmọ tó fi kíláàsì sílẹ̀ kò fi ilé-ìwé nìkan sílẹ̀, ó ti fi ìwé ẹ̀rí kan sílẹ̀ tí kò tíì gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Láti orí èyí dé orí tẹlifóònù kò jìnnà.

Àpẹẹrẹ tó tóbi jù nínú ọ̀rọ̀ mi ni owó orí 2018. Ní oṣù Keje ọdún yẹn, ìjọba fọwọ́ sí àṣẹ 2018-341. Ẹnikẹ́ni tó bá ń lo Facebook, WhatsApp àti irú wọn yóò san sẹ́fà 5 lórí mẹgabáìtì kọ̀ọ̀kan. Ó bẹ̀rẹ̀ sí ṣiṣẹ́ nínú oṣù Kẹsàn-án, ariwo gba ìgboro, àwọn ọ̀dọ́ ń kọ #TaxePasMesMo (ẹ má gbowó orí lórí mẹgabáìtì mi) káàkiri, kò sì pé ọ̀sẹ̀ kan tí ìjọba fi dá a dúró. Amòfin tó bá fẹ́ kọ nípa rẹ̀ yóò béèrè bóyá àṣẹ ìjọba lásán lè dá irú owó orí bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ láìgba ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin kọjá. Ìbéèrè gidi ni, kì í ṣe tiyín. Tiyín, ìṣirò ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Gígábáìtì kan jẹ́ nǹkan bíi mẹgabáìtì 1,000, owó orí rẹ̀ nìkan a jẹ́ sẹ́fà 5,000, kí a tó san owó dátà fúnra rẹ̀. Owó oṣù tó kéré jù lọ lábẹ́ òfin nígbà náà jẹ́ sẹ́fà 40,000. 2023 ló tó di 52,000. Gígábáìtì kan ṣoṣo á ti jẹ ìdá kan nínú mẹ́jọ owó oṣù náà. Bẹ́ẹ̀, ọmọ iṣẹ́ kì í gba owó oṣù, àwọn òbí rẹ̀ ló ń san owó ìkọ́ṣẹ́ fún ọ̀gá.

Ẹ máa bá a lọ láti ibẹ̀. Orí WhatsApp ni oníbàárà ti ń fi àwòrán aṣọ tó fẹ́ ránṣẹ́ sí télọ̀. Orí rẹ̀ ni olùkọ́ ti ń fi iṣẹ́ àṣetiléwá ránṣẹ́ sí òbí. Orí rẹ̀ ni ọmọ tó ń wá iṣẹ́ ti ń gbọ́ pé wọ́n ń gba ènìyàn ní Kútọnù. Àṣẹ kan ṣoṣo, tí wọ́n pè ní ọ̀rọ̀ owó ìjọba, wọ iyàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, ó wọ ìdí máṣíìnì ìránṣọ, ó sì wọ inú àpò ẹni tí kò níṣẹ́. Ẹni tó mọ ilé-ìwé tó sì mọ ìdí iṣẹ́ ni yóò rí gbogbo èyí. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ìdí tí ẹni tó ń ṣe ìwádìí ẹ̀kọ́ fi ní ẹ̀tọ́ láti wọ ọ̀rọ̀ tẹlifóònù, ibẹ̀ ni ó wà, kì í ṣe pé tẹlifóònù gbajúmọ̀.

Owó orí yẹn nìkan kọ́. Ní oṣù Keje 2007, wọ́n ti nẹ́tíwọ̀kì Areeba àti Moov pa nítorí aáwọ̀ lórí ìwé àṣẹ wọn àti owó rẹ̀. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹrin 2019, ọjọ́ ìbò aṣòfin, íntánẹ́ẹ̀tì kú káàkiri orílẹ̀-èdè. Irú ọjọ́ báyìí burú fún ẹni tó ń ta káàdì, ṣùgbọ́n ohun iyebíye ni fún olùwádìí, nítorí pé ó fún wa ní ìṣáájú àti ìgbẹ̀yìn tó ṣe kedere, tí a lè gbé síwájú ara wọn.

Kétu tún ní ohun kan tí Àjàṣẹ́ gan-an kò ní tó o. Ẹ ti rìn dé Ìlárá, ẹ mọ̀ pé ààlà gba àárín àwọn ènìyàn kan náà kọjá. Nẹ́tíwọ̀kì Nàìjíríà máa ń dé ìhà ọ̀dọ̀ wa, tiwa náà sì ń sọdá. Ẹni tó ń tajà níbẹ̀ mọ ìgbà tí síìmù ìhà ọ̀hún dára ju ti ìhín lọ, ó mọ èyí tí ìbátan rẹ̀ ní Ìmẹ̀kọ máa gbé láìjẹ́ pé owó tán. Ẹni tó jókòó sí Kútọnù lè rò pé ará Benin, nẹ́tíwọ̀kì Benin ló ń lò. Àjọ ECOWAS ti ṣe òfin kan ní oṣù Kejìlá 2017 láti mú kí owó ìpè rọjú fún ẹni tó bá gbé síìmù rẹ̀ kọjá ààlà. Kí ni òfin yẹn yí padà fún ọmọ iṣẹ́ tó lọ kọ́ṣẹ́ ní ìhà Nàìjíríà, tí ìyá rẹ̀ wà ní Kétu? Èdè wọn lẹ ń sọ, ẹ kò nílò ògbufọ̀. Bí èmi bá jẹ́ ọ̀dọ́ lónìí, ọ̀rọ̀ ibodè yìí ni mo máa fi ṣe orí kẹta ìwé dókítà mi.

Ọ̀jọ̀gbọ́n yín lè ní kí ẹ fi ẹni tó ti ṣe é han òun. Ẹ fi Jenny Aker hàn án. Ọ̀dọ̀ àwọn aládùúgbò wa ní Niger ló ti ṣiṣẹ́. Ó kọ́kọ́ wo bí òpó tẹlifóònù ṣe ń dé ọjà kan tẹ̀ lé òmíràn láàárín 2001 sí 2006, ó sì rí i pé ìyàtọ̀ tó wà láàárín iye tí wọ́n ń ta jéró ní ọjà kan sí òmíràn dín kù níbi tí nẹ́tíwọ̀kì bá dé. Ọjà nìyẹn. Lẹ́yìn náà, òun, Christopher Ksoll àti Travis Lybbert wo ẹ̀kọ́ àgbà. Wọ́n ń kọ́ àwọn àgbàlagbà ní ìwé kíkà ní gbogbo abúlé tó wà nínú ètò náà, ṣùgbọ́n ní àwọn abúlé kan, wọ́n tún fún wọn ní tẹlifóònù lásán, èyí tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì, láti máa pín lò, wọ́n sì kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń fi í kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́. Àwọn abúlé yẹn ṣe dáadáa ju àwọn yòókù lọ nínú ìdánwò. Láti ọjà dé iyàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, ẹnikẹ́ni kò pè é ní olùfọ́nká. Orílẹ̀-èdè kan náà ni, ohun èlò kan náà, ọ̀nà ìwádìí kan náà: ó ń fi ibi tí nǹkan ti dé wé ibi tí kò tíì dé.

Ẹ tún fi Jonas Hjort àti Jonas Poulsen kún un. Ní 2019, wọ́n tẹ ìwádìí kan jáde tó kan orílẹ̀-èdè Áfíríkà 12, lórí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí iṣẹ́ nígbà tí wáyà íntánẹ́ẹ̀tì abẹ́ òkun bá dé etíkun. Àwọn tó níṣẹ́ lọ́wọ́ pọ̀ sí i ní àwọn ibi tí íntánẹ́ẹ̀tì tó yára dé, ó sì kan àwọn tí ìwé wọn kò pọ̀ pẹ̀lú. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ni kí ẹ fi ìlà sí nídìí, torí ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́, iṣẹ́ àti tẹlifóònù ti jókòó sínú gbólóhùn kan ṣoṣo.

Ilé náà kò ṣófo. Léonard Wantchékon, ọmọ Zagnanado tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Princeton, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì tẹ iṣẹ́ kan jáde ní 2015 lórí àwọn ilé-ìwé àkọ́kọ́ tó dé àwọn abúlé kan ní ilẹ̀ wa nígbà àwọn amúnisìn. Wọ́n wá ìdílé àwọn ọmọ tó kọ́kọ́ wọ ilé-ìwé, wọ́n wá ti àwọn ará abúlé kan náà tí kò wọ̀ ọ́, wọ́n sì wá ti abúlé tí ilé-ìwé kò dé rárá. Àwọn tó kàwé gbé ayé tó dẹrùn ju ti àwọn yòókù lọ, iṣẹ́ wọn yàtọ̀ sí iṣẹ́ oko, wọ́n sì wọ ìṣèlú ju àwọn yòókù lọ. Nígbà tó di ti ìran tó tẹ̀ lé wọn, ọmọ ẹ̀gbọ́n àti ọmọ àbúrò ẹni tó kàwé náà jàǹfààní. Ní ilẹ̀ tí àbúrò bàbá ti ń sanwó ilé-ìwé, ta ni èyí yóò yà lẹ́nu? Ṣùgbọ́n àwọn ló fi ìṣirò gbé e kalẹ̀.

Ní ti àwọn ohun tí ẹ máa fi ṣiṣẹ́, ẹ má rò pé ẹ gbọ́dọ̀ fi owó ara yín wọ ìlú káàkiri. Ìwádìí agbo ilé EHCVM tí àwọn orílẹ̀-èdè UEMOA, àwọn tó ń ná sẹ́fà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ṣe ní 2018 sí 2019 wà nílẹ̀. Nínú ilé kan náà, wọ́n béèrè ibi tí ẹnì kọ̀ọ̀kan kàwé dé, iṣẹ́ tó ń ṣe, àti bóyá ó ní tẹlifóònù. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lórí ìlà kan! Ìwádìí ERI-ESI ti 2018 wà fún ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àti àwọn iṣẹ́ tí kò sí nínú ìwé ìjọba. Ìdánwò PASEC ti 2014 àti ti 2019 wà fún ohun tí ọmọ mọ̀ gan-an ní ilé-ìwé. Ẹ kọ́kọ́ fi àwọn wọ̀nyí ya àwòrán orílẹ̀-èdè, kí ẹ tó wá jókòó ti àwọn ọmọ iṣẹ́ ní Kétu.

Ibi tí ẹ máa ti ṣiṣẹ́ jù ni ìmọ̀ tẹlifóònù fúnra rẹ̀, níbẹ̀ ni mo sì ti rí i tí ọ̀pọ̀ àwa ará ìmọ̀ ẹ̀kọ́ ń ṣubú. A máa ń kọ "numérique" (ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà àti íntánẹ́ẹ̀tì) sí àkọlé, a ó sì kọ ojú ewé púpọ̀ láìmọ bí òpó kan ṣe ń dé abúlé. Àwọn tó wà nídìí iṣẹ́ náà máa ń mọ̀ láti ojú ewé kejì. Ẹ fún ara yín ní ọdún kan gbáko. Ẹ kọ́ ìtàn rẹ̀: bí OPT, ilé-iṣẹ́ ìjọba fún ìfìwéránṣẹ́ àti tẹlifóònù, ṣe dá nìkan wà tẹ́lẹ̀, bí àwọn nẹ́tíwọ̀kì alágbèéká ṣe wọlé ní 2000, bí wọ́n ṣe pín OPT sí méjì ní 2004, tí ìfìwéránṣẹ́ lọ lọ́tọ̀ tí Bénin Télécoms sì lọ lọ́tọ̀, bí òfin 2014 ṣe gbé ARCEP, aláṣẹ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ tẹlifóònù, kalẹ̀, bí ìwé òfin numérique, òfin 2017-20, ṣe dé ní oṣù Kẹrin 2018, bí Celtiis, nẹ́tíwọ̀kì tuntun, ṣe bẹ̀rẹ̀ ní 2022. Èyí kò ju ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ. Ohun tó le ni owó. Tí ẹni tó wà lórí Moov bá pe ẹni tó wà lórí MTN, nẹ́tíwọ̀kì àkọ́kọ́ ń sanwó fún èkejì kí ìpè náà tó lè dé, aláṣẹ sì ń bójú tó iye rẹ̀. Bí iye yẹn bá ga, ilé-iṣẹ́ ńlá ń jèrè, ilé-iṣẹ́ kékeré ń jìyà, àwọn ọmọ yín sì ń gbé síìmù mẹ́ta kiri. Ìgbì afẹ́fẹ́ tí nẹ́tíwọ̀kì ń gbà jẹ́ ti ìjọba, ó ń yá wọn lò ni. Nínú ìwé àdéhùn tí ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan fọwọ́ sí, ibi tí òpó gbọ́dọ̀ dé wà níbẹ̀. Ẹ ka ìwé àdéhùn yẹn ju bí ẹ ṣe ń ka ọ̀rọ̀ mínísítà lọ. ARCEP ń gbé àwọn ìpinnu rẹ̀ àti ìṣirò ọjà síta, ọ̀fẹ́ ni.

Ó tún ku ọ̀rọ̀ owó tiyín. Hountondji sọ ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, ó sì tọ̀nà: àwa ní Áfíríkà ń kó ohun èlò ìwádìí jọ, àwọn tó wà lókè òkun ń fi í ṣe ìmọ̀, ìmọ̀ náà sì tún ń padà wá bá wa gẹ́gẹ́ bí ọjà tí a ó rà. Ẹgbẹ́ tó ń fúnni lówó lè fẹ́ ìròyìn lórí ọmọ iṣẹ́ lọ́dún yìí, kó fẹ́ ti ọmọbìnrin àti kọ̀ǹpútà lọ́dún tó ń bọ̀, kó tún fẹ́ ti owó orí tẹlifóònù lẹ́yìn náà. Ẹ ó máa kó owó, ẹ ó máa kó ìròyìn lélẹ̀, àwọn ni wọn ó sì ni ìbéèrè. Ìfọ́nká tó yẹ kí ọ̀jọ̀gbọ́n yín bẹ̀rù gan-an nìyí, èmi náà ń bẹ̀rù rẹ̀. Iṣẹ́ ẹgbẹ́ kò burú, ọmọ ní láti jẹun, ṣùgbọ́n ẹ máa béèrè ṣáájú bóyá ẹ lè tún lo dátà náà fún ìbéèrè tiyín. Bí wọ́n bá ní rárá, owó ọjọ́ kan ló jẹ́, kì í ṣe ìwádìí.

Bí ẹ bá ń padà lọ bá ọ̀jọ̀gbọ́n yín, ẹ má lọ jiyàn. Ẹ mú ojú ewé kan ṣoṣo dání. Kí àkọlé rẹ̀ jẹ́ ti ìmọ̀ ẹ̀kọ́, bíi: ohun tí ètò ìjọba lórí tẹlifóònù ń yí padà nínú ọ̀nà tí àwọn ọ̀dọ́ Kétu ń gbà láti ilé-ìwé dé ìdí iṣẹ́. Ẹ kọ ìbéèrè kan, ẹ kọ àwọn dátà tó ti wà nílẹ̀, ẹ sì kọ ẹni tó ṣe irú rẹ̀ rí. Lẹ́yìn náà kí ẹ fi ọ̀wọ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí ẹ wá olùtọ́nisọ́nà kejì tó mọ òfin tàbí ọrọ̀-ajé tẹlifóònù. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó mọyì ara rẹ̀ kì í bínú sí ìyẹn, ó tilẹ̀ lè jẹ́ ìtura fún un, torí ó lè jẹ́ pé àìmọ ọ̀nà ibẹ̀ ló ń mú kó kọ̀. Bí ó bá sì ṣì kọ̀, ẹ wá ọ̀jọ̀gbọ́n míràn, ẹ má ṣe pààrọ̀ ìbéèrè.

Kí n má gbàgbé ohun kékeré méjì. Bí ẹ bá ṣì ní nọ́ńbà àwọn ọmọ iṣẹ́ tí ẹ bá ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, ẹ fi 01 ṣáájú ọ̀kọ̀ọ̀kan: láti ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá 2024 ni nọ́ńbà tẹlifóònù wa ti di oní-díjíìtì mẹ́wàá, ti àtijọ́ kò wọlé mọ́. Kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni nínú wọn nítorí ìwádìí, ẹ kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ APDP, àwọn tó ń dáàbò bo dátà ará ìlú, kí ẹ gba ìyọ̀ǹda. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ìyẹn ní kùtùkùtù, kí ẹ tó kọ orí kìíní.